Eré wo ni kí n mú àwọn ọmọ lọ wò ní ìsinmi Kérésì yìí? (Òṣogbo)

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí èmi àti ọkọ mi tó jà tán.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: obìnrin ọmọ ọdún méjìlá, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti àbíkẹ́yìn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé márùn-ún. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti kọjá, ibi tí wọ́n ń ta ìrẹsì àti áísìkirimù la máa ń lọ. A ó jẹun, a ó ya fọ́tò, wọn á sùn sínú mọ́tò nígbà tí a bá ń bọ̀. Lọ́dún yìí mo ní rárá. Tíátà gidi la máa lọ wò, tí èèyàn ẹlẹ́ran ara máa dúró níwájú wọn, kì í ṣe ti inú fóònù.

Mẹ́ta ni mo rí. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ṣe Ọba Kò So, eré Dúró Ládiípọ̀ nípa Ṣàngó, ní gbọ̀ngàn kan lápá Òkè-Fìà, ní ọjọ́ kejì Kérésì, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lórí àgbà, ìdajì rẹ̀ lórí ọmọdé. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ ṣe eré àlọ́ Ìjàpá lábẹ́ kánópì ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ̀rún kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì wa náà fẹ́ ṣe dírámà ìbí Jésù, ọ̀fẹ́ ni.

Ọkọ mi ní Ọba Kò So la máa lọ wò, pé ọmọ Òṣogbo tí kò bá wo Ọba Kò So, ọmọ ibo ló fẹ́ jẹ́? Èmi ń ro ti okùn. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìtàn yẹn parí sí. Àbíkẹ́yìn mi yìí, bí adìyẹ bá kú lágbàlá, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń béèrè ibi tó lọ. Ṣé òun ni kí n gbé lọ wo ọba tó fẹ́ pokùn so?

Jagunlabí

Ìjàpá. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀sán gangan, ẹ ó sì ti délé kí wọ́n tó mú iná lọ.

Bàbá Òkè-Baálẹ̀

Ìyá àwọn ọmọ, mo kí ọ. Ọkọ rẹ kò ṣìsọ.

Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ nílùú yìí ní 1962. Orúkọ yẹn gan-an ní ìtàn. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé Mbari wá, èdè Ìgbò sì ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn, wọ́n ní "Ḿbá rí i, ḿbá yọ̀", ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti kọ́kọ́ jáde ní 1963. Àwa ọmọdé kò lówó ìwọlé. Ẹnìkan á gun èjìká ẹnìkan lẹ́yìn ògiri, ẹni òkè á máa ròyìn fún ẹni ìsàlẹ̀, bó bá ti rẹ ẹni ìsàlẹ̀, ó di ìjà. Kò sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ mi. Mo rí Ṣàngó tó ń yọ iná lẹ́nu, mo sá dé ilé. Ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí ògiri.

Jagunlabí

Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é? Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ níbì kan.

Bàbá Òkè-Baálẹ̀

Òṣogbo níbí ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1964, wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì. Ní 1965 ó dé ìlú ọba, níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Èkó ti ní tirẹ̀ tó, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa.

Ìyá Ìbejì Ìgbóná

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ìyá yìí tó sanwó.

Lọ́dún tó kọjá mo kó Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà yẹn, lọ wo eré alẹ́ kan. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́, mi ò sì ní dárúkọ gbọ̀ngàn. Agogo márùn-ún ni wọ́n kọ sára páálí. Márùn-ún kọjá, mẹ́fà kọjá, "hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, wán-tú" ni wọ́n ṣì ń sọ sí máíkì. Agogo méje ti kọjá ogún ìṣẹ́jú kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Bísíkíìtì tí mo kó dání ti tán, omi ti tán, àwọn ọmọ ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ògiri nítorí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìran kejì, jẹnẹrétọ̀ kú. Òkùnkùn biribiri. Wọ́n sì ti ṣètò tẹ́lẹ̀ pé kí eégún kan gba ẹ̀yìn wá, kó la àárín èrò kọjá tòun ti èéfín. Bóyá kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iná ti lọ, èmi ò mọ̀. Ó kàn yọ sí wa gbùà nínú òkùnkùn. Kẹ́hìndé ké, ó fò mọ́ mi lọ́rùn, ó tọ̀ sára léèsì tuntun tí mo dá fún Kérésì. Táyé ní tirẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo pé, "Ẹ tún un ṣe! Ẹ tún un ṣe!" Inú kan náà ni wọ́n ti wá o.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá kí a tó jáde, kò sí kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ọláìyá, mo pọn ọ̀kan, mo fa ọ̀kan lọ́wọ́. Nítorí náà, ìyá wa, ẹ fi okùn Ṣàngó sílẹ̀ ná. Ẹ béèrè bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì ti mọ ẹni tó máa gbé yín padà.

Ọmọ Onílù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti léèsì.

Bàtá ni mò ń lù, mo sì ti bá ẹgbẹ́ tó tó mẹ́rin ṣe Ọba Kò So. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí wa díẹ̀. Agogo tí ẹ ń rí lára páálí, ìgbà tí a fẹ́ kí ẹ dé ni, kì í ṣe ìgbà tí a máa bẹ̀rẹ̀. À ń dúró de epo, à ń dúró de àwọn ẹni ńlá tó máa jókòó níwájú, nígbà mìíràn Ṣàngó fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Gáréèjì Àtijọ́. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ẹ má béèrè ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ni wọ́n máa sọ. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa parí. Ẹni tó bá fẹ́ san owó gbọ̀ngàn kì í purọ́ nípa ìyẹn.

Ibi ìjókòó ńkọ́? Gbogbo òbí ló máa ń du iwájú nítorí ọmọ. Ẹ má du ú. Ìdí ìtàgé ni èmi àti ìyáàlù mi máa ń wà, bí mo bá fi bílálà na ṣáṣá, etí àgbà ń dún, áḿbọ̀sì ti ọmọ ọdún márùn-ún. Ìlà karùn-ún tàbí ìkẹfà ló dára, kí ẹ wà létí ọ̀nà, kí ẹ lè gbé ọmọ jáde láìtẹ ogójì èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ní ti okùn, mo ti rí i ní oríṣi méjì. Àwọn ẹgbẹ́ kan á jẹ́ kí Ṣàngó bá ẹ̀yìn ìtàgé lọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan, igbe Ọya lẹ máa gbọ́. Àwọn mìíràn fẹ́ràn àṣejù, wọ́n á gbé igi ayán wá síwájú gbangba. Ẹ béèrè èyí náà. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, okùn kọ́ ló ń pa àwọn ọmọdé lẹ́kún. Orí Tìmì, jagunjagun Ṣàngó, ni. Bí Gbọ́nńkáà, jagunjagun kejì, bá ti bẹ́ ẹ tán, tó gbé e wá síwájú ọba, ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ" láti inú èrò.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Yéè! Mo ti gbàgbé ti orí pátápátá.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ẹ wá wo nǹkan mìíràn o. Àgbà nínú àwọn ọmọ náà ti gbọ́ pé mò ń béèrè, ó ní òun ò lọ, pé Yorùbá inú eré yẹn jinlẹ̀ jù, òun ò ní gbọ́ ìdajì. Mo ní èmi náà ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí ni à ń lọ ṣe nígbà náà?

Àjò Ò Dàbí Ilé

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni mí, Manchester ni mo ti ń kà yín, ẹ ti jẹ́ kí àárò ilé sọ mí.

Ẹ bá mi sọ fún un pé àwọn ará Berlin tí Bàbá wí lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò sí "Kábíyèsí" nínú èdè wọn. Ìlù ni wọ́n gbọ́, wọ́n rí ojú ẹni tó ń bínú. Ọmọ ọdún méjìlá tó mọ ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń bínú kó tó la ẹnu, á gbọ́ Ọba Kò So.

Níbí, eré Kérésì tí wọ́n ń pè ní pantomime ni gbogbo òbí ń kó ọmọ lọ wò. Ọkùnrin ni wọ́n máa ń wọ̀ láṣọ ìyá arúgbó, ọ̀dájú á máa yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọmọ inú gbọ̀ngàn á sì máa ké pé "Ó wà lẹ́yìn rẹ!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo ní, kí nìyí, ṣé kì í ṣe ègbè àlọ́ nìyí? Ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ilé kọ́ lára wọn ni pé, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọn kì í pa iná tán, tí wọ́n máa ń dín ariwo kù, tí ọmọ sì lè dìde rìn kiri bó bá wù ú. Àwọn ọmọ tí òkùnkùn àti ariwo máa ń dà láàmú ni wọ́n ń ṣe é fún.

Tísà Aláwàdà

Ìyá wa, ẹ má jáyà. Prámárì fáìfù ni mò ń kọ́, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọmọdé bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ìtàn náà fún wọn nílé, alẹ́ méjì ti tó, bí ẹni pa àlọ́.

Kò le láti pa. Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́ ní jagunjagun méjì tí agbára wọn ti ń pọ̀ jù. Ó fẹ́ mú ọ̀kan kúrò lójú rẹ̀, ló bá rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kó lọ ṣọ́ ibodè, bóyá á kú síbẹ̀. Tìmì ò kú, Ẹdẹ gbà á, ó di ọba. Ṣàngó tún rán Gbọ́nńkáà lọ mú un wá. Wọ́n jà, Gbọ́nńkáà fi ọfọ̀ mú un sùn, ó dì í dé Ọ̀yọ́. Ọba ní kí wọ́n tún ìjà náà jà lójú òun. Ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti máa dá yín dúró nìyẹn: "Kí ló dé tí ọba ń fi wọ́n jà?" Ó mọ irú rẹ̀. Ó ti rí olùkọ́ tí apá rẹ̀ ò ká ọmọ méjì, tó wá fi wọ́n kọjú síra wọn. (Èmi náà ti ṣe é rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.)

Bí ẹ bá ráyè, ẹ kó wọn wọ mọ́tò lọ sí Ẹdẹ lọ́jọ́ kan nínú ìsinmi yẹn. Kò jìnnà. Kí wọ́n rí i pé títí dòní, Tìmì ni orúkọ oyè ọba ibẹ̀.

Àbíkẹ́yìn yín ní tirẹ̀, Ìjàpá ni. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní.

Jagunlabí

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ Ìjàpá o, kí ẹ rántí.

Àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ eégún aláré? Tíátà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Àwọn apidán á yí aṣọ padà lójú yín, ẹ ó rí ère, ẹ ó rí ọ̀nì, ẹ ó rí òyìnbó onímú gígùn tó ń gbọn ara rẹ̀. Owó tó bá wù yín lẹ máa fún wọn. Kò sí páálí, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó máa kú.

Ẹ̀gbọ́n Akọrin

Ní Kérésì? Eégún? Jagunlabí, ọmọ Ọlọ́run ni ìyá yìí. Ó ti sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì òun ń ṣe dírámà. Ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Bàbá Òkè-Baálẹ̀

Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí Mbari Mbayo tó wà, orin Àjíǹde ló kọ fún ìjọ rẹ̀ nílùú yìí, ó kó ìlù ìbílẹ̀ sí i, àwọn àgbà ìjọ sì ní àwọn ò fẹ́. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì lónìí bóyá ẹ máa rí ibi tí kò sí gángan. Ìgbà kan wà tí òun àti àwọn onítíátà bíi tirẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí, jọ fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó. Bí ọkọ̀ ọ̀kan bá ń jáde lọ ṣeré lódìkejì odò Ọ̀ṣun, ti ẹlòmíràn ń wọlé. Ta ló ń béèrè lọ́wọ́ ta ni bóyá ti ìjọ ni tàbí ti ayé?

Ẹ̀gbọ́n Akọrin

Bàbá, mo ti gbọ́. Èmi gan-an ni mò ń lu gángan ní ìjọ tiwa.

Ìyá Ìbejì Ìgbóná

😂😂 Ó tán!

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Mo ti pe nọ́ńbà ara páálí. Mo ṣe bí Ọmọ Onílù ti wí. "Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?" Mẹ́fà gééré. "Ìgbà wo lẹ parí?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, bóyá mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀." Mo béèrè bí eré ti gùn tó, ó ní wákàtí méjì. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò.

Ó ní okùn ò ní hàn, ṣùgbọ́n orí á hàn.

A ti fẹnu kò. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì á bá wa lọ wo Ọba Kò So, àbíkẹ́yìn á sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ìjàpá ni gbogbo wa máa lọ wò lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Dírámà ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣe é sá fún, wọ́n ti fi ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí ṣe olùṣọ́ àgùntàn. Mo ń bọ̀ wá ròyìn.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ọ̀pẹ)

Ẹ kú ọdún o! Ẹ wá gbọ́.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ da ètò rú. A gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ wọn, a bá wọn nínú ìró òkè àti gèlè, wọ́n ti mú báàgì dání. Wọ́n ní ta ló sọ fún wa pé àwọn máa jókòó sílé? Pé àwọn wo Ọba Kò So nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣì wà láyé, kó tó kú ní 1978, pé láti ìgbà náà làwọn ti ń retí kí ẹnìkan tún mú àwọn lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo wa la jọ lọ, pẹ̀lú àbíkẹ́yìn.

Agogo méje ku díẹ̀ la dé, wọ́n ṣí aṣọ ìtàgé ní méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ Onílù, ọwọ́ yín ni mo ti gba ẹ̀bùn Kérésì tèmi. Ìlà karùn-ún la jókòó sí, létí ọ̀nà. Ìyá ò jẹ́ ká gbádùn o, wọ́n ń gbe orin lẹ́nu àwọn òṣèré. Bí wọ́n bá ń kì Ṣàngó, ìyá á ti ṣíwájú wọn. Ọkùnrin kan tó wà níwájú wa yíjú padà bí ẹni fẹ́ bínú, ó rí gèlè, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àga, ó kọjú síwájú.

Ibi tí Gbọ́nńkáà ti ń pe ọfọ̀ kí Tìmì lè sùn, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Omele nìkan ló ń dún jẹ́jẹ́. Tìmì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọrun ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú. Nǹkan wúwo kan bọ́ lu apá mi. Àbíkẹ́yìn ni. Ọfọ̀ ti mú òun náà. Kò rí orí, kò rí iná, kò gbọ́ igbe Ọya, ọkọ mi ló pọ̀n ọ́n délé.

Ní ti orí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti gbọ́ ìtàn nílé, ó ti múra sílẹ̀. Bí wọ́n ti gbé e jáde, ó dìde, ó fi ohùn gooro sọ fún gbogbo ìlà wa pé, "Ẹ má bẹ̀rù o, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi aṣọ wé!" Ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Gbọ́nńkáà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wọn, èyí tó ní òun ò ní gbọ́ Yorùbá, kò sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú kẹ̀kẹ́ ló ti yíjú sí ìyá bàbá rẹ̀: "Grandma, ó so àbí kò so?" Ìyá ní, "Kí ni wọ́n kọ sára páálí?" Ó ní, "Ọba kò so." Ìyá ní, "Ó dáa, kí lo tún ń bi mí?" Títí di àárọ̀ yìí wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ ara páálí kì í ṣe ẹ̀rí.

Tísà Aláwàdà

Ẹ mú ọmọ yẹn wá sí kíláàsì mi! Ìjàpá ńkọ́?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ìjàpá dùn, ó dùn jù. Òòrùn mú wa díẹ̀, ìyẹn nìkan. Ìtàn ìgbà tó lọ kí àwọn àna rẹ̀ ni wọ́n ṣe, tó jí ẹ̀bẹ gbígbóná bù sínú fìlà, tó gbé e dé orí, tí àna sì mú un lọ́rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí irun orí rẹ̀ fi bó. Gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ kánópì ló ń gbe orin. Àbíkẹ́yìn mi ò sùn rárá, ó gun orí àga, ó ń nàka sí fìlà Ìjàpá, ó ń pariwo fún àna pé "Ó wà lórí rẹ̀! Ó wà lórí rẹ̀!" Mo rántí ará Manchester.

Jagunlabí

Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Ìjàpá!

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Jagunlabí, ẹ máa bọ̀ wá fọ aṣọ. Láàárọ̀ yìí mo wá fìlà Kérésì pupa tí wọ́n rà fún un, mi ò rí i. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni mo ti wá bá a. Àsáró ló kún inú rẹ̀, ó ṣì ń gbóná.